Ẹni Tí Ń Wọn Wúrà fún Mọ́sáláásí

Bí ènìyàn bá ti ìhà ọjà bọ́ sí ojú ọ̀nà Warri–Sapele, tí ó sì kọjá àwọn tí ń tún ẹ̀rọ amúnáwá ṣe, yóò rí ṣọ́ọ̀bù kan tí kò fẹ̀ ju ẹnu ọ̀nà rẹ̀ lọ. Ọkùnrin tí ó wà nínú rẹ̀ ni gbogbo àdúgbò ń pè ní Baba Gold. Gàníyù ni bàbá rẹ̀ sọ ọ́ ní ìlú Ọ̀yọ́, ṣùgbọ́n ó ti tó ọjọ́ mẹ́ta kan tí ẹnikẹ́ni ti pè é bẹ́ẹ̀ lójúkojú. Ẹni ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́rin ni. Ó ti lo mẹ́rìnléláàádọ́ta nínú ọdún wọ̀nyí ní Warri, ó ń yọ́ wúrà, ó ń na wúrà, ó ń so ẹ̀gbà ọrùn tí ó já pọ̀ fún àwọn obìnrin tí kò jẹ́ gbà kí ó kúrò níwájú wọn kí iṣẹ́ náà tó parí.

Àbẹ̀kẹ́, ìyàwó rẹ̀, ti di ẹni ilẹ̀ láti ọdún mẹ́sàn-án sẹ́yìn. Mosúnmọ́lá, ọmọ kan ṣoṣo tí Ọlọ́run fún wọn, wà ní ìlú òyìnbó. A máa pe bàbá rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ọ̀rọ̀ wọn kì í sì í gùn: ara ńkọ́, oògùn ńkọ́, òjò ńkọ́. Ní ilé rẹ̀ ní Edjeba, àga mẹ́fà ni ó wà ní pálọ̀, Àbẹ̀kẹ́ ni ó yan aṣọ tí a fi bò wọ́n. Gàníyù ń jókòó sí ọ̀kan. Ó ń nu márùn-ún yòókù ní gbogbo ọjọ́ Jímọ̀, kí ó tó lọ kírun. Ẹnìkan kì í jẹ́ àwá dé, nítorí náà, bí ó bá ti ṣọ́ọ̀bù dé ní ìrọ̀lẹ́, tí ó sì ṣí ilẹ̀kùn, a ní, “Mo dé.” Kì í sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ó bá ti sọ ọ́ tán, a bọ́ bàtà rẹ̀, a tan iná.

Ṣùgbọ́n ọjọ́ kan wà nínú ọdún tí mẹ́rin nínú àga márùn-ún náà máa ń rí ènìyàn.

Mọ́sáláásí kékeré kan wà lẹ́yìn òpópónà náà, tí àwọn oníṣòwò ará Ọ̀yọ́ kọ́ nígbà tí Warri kò tíì gbòòrò tó báyìí. Ní oṣù tí ó ṣáájú ààwẹ̀, Lèmọ́mù ibẹ̀ a máa tọ Gàníyù wá láti bi í léèrè ohun kan: èló ni gíráàmù kan ògidì wúrà lọ́jà? Gàníyù yóò sọ ọ́. Wọn yóò sọ iye náà di ìlọ́po márùndínláàádọ́rùn-ún, nítorí gíráàmù wúrà márùndínláàádọ́rùn-ún ni òṣùwọ̀n tí ẹ̀sìn fi lé ọlọ́rọ̀ lọ́wọ́. Ẹni tí owó rẹ̀ bá dé ibẹ̀, tí ó sì pé ọdún lọ́wọ́ rẹ̀, ó di dandan fún un kí ó yọ ìdá kan nínú ogójì fún àwọn aláìní. Èyí ni sàká. Ẹnu Gàníyù ni iye náà ti ń jáde, a ó sì kéde rẹ̀ lórí mínbárì tí Lèmọ́mù ti ń wàásù ní ọjọ́ Jímọ̀. Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n rèé tí ó ti ń ṣe bẹ́ẹ̀, kò sì sí ẹni tí ó bi í rí pé, “Ṣé bẹ́ẹ̀ ni?”

Àwọn àgbà tí ó dá mọ́sáláásí náà sílẹ̀ fi àṣà kan lélẹ̀ tí kò wọ́pọ̀ níbòmíràn. Wọ́n ní a kò gbọdọ̀ to àwọn aláìní sórí ìlà ní gbàgede kí á máa há owó fún wọn bí ẹni ń há ọkà fún adìyẹ. Ẹni tí sàká bá di dandan fún yóò kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé Lèmọ́mù. Lèmọ́mù yóò rán ènìyàn mẹ́rin lọ sí ilé rẹ̀ ní ọjọ́ Jímọ̀ kẹta nínú ààwẹ̀. Wọn yóò ṣínu níbẹ̀, wọn yóò jẹun, wọn yóò sọ̀rọ̀ bí ẹbí. Lẹ́yìn náà ni olówó yóò fi ọwọ́ ara rẹ̀ fún wọn ní ẹ̀tọ́ wọn. Ẹni tí ọrọ̀ rẹ̀ kò tó òṣùwọ̀n, tí ó sì fẹ́ tọrẹ, àpótí onígi kan wà lẹ́nu ọ̀nà mọ́sáláásí fún sàráà. Yóò ju tirẹ̀ sí i, kò sí ẹni tí yóò mọ̀, kò sì sí ẹni tí yóò yà sí ilé rẹ̀ nítorí rẹ̀.

Jímọ̀ kẹta yìí ni ọdún Gàníyù. Láti ìgbà tí Àbẹ̀kẹ́ ti kú, òun fúnra rẹ̀ ni ó ń se oúnjẹ ọjọ́ náà nínú ìkòkò ńlá. Àwọn mẹ́rin náà a máa jókòó títí dìgbà ìrun alẹ́, wọn a máa fi ohùn Ọ̀yọ́ sọ̀rọ̀ nínú ilé tí odindi ọdún kọjá lórí rẹ̀ láìgbọ́ ọ, ní ìlú tí ọmọ Yorùbá ti ń fi “I don hear” dá ìyá rẹ̀ lóhùn. Bí wọ́n bá lọ tán, kì í tètè tún àwọn àga náà tò. A fi wọ́n sílẹ̀ bí wọ́n ti dìde kúrò lórí wọn, títí di ọjọ́ kejì.

Ọ̀rẹ́ kan ṣoṣo ni ó ní tí kì í dúró de Jímọ̀ kẹta. Nasirudeen ni, ọ̀gá ilé kéwú. Ìjókòó onípákó tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù, òun ni ó ni ín. Kò sí oníbàárà tí ó jẹ́ jókòó sí i bí aago mẹ́rin bá ti ń súnmọ́ etílé. Ìjiyàn ni ó ń mú un wá, ìjiyàn kan náà ni láti ọdún dé ọdún: kí ni owó?

Gàníyù a ní wúrà ni owó, àwòrán owó lásán ni gbogbo ìyókù. A máa ka ẹ̀rí. Bàbá bàbá rẹ̀ rí owó ẹyọ nígbà tí ọkọ̀ òyìnbó ń kó irú rẹ̀ wá láti etíkun Sànsíbà, títí ó fi di pé ẹrù ènìyàn mẹ́ta kò ra ohun tí ẹrù ènìyàn kan ń rà tẹ́lẹ̀. Òun tìkára rẹ̀, nígbà tí ó dé Warri, ìyá àgbà Ìṣẹ́kírì kan ni ó fún un ní yàrá. Ìyá náà ní àpótí kan lábẹ́ ibùsùn, tí ó kún fún ẹ̀gbà idẹ tí àwọn bàbá rẹ̀ ń ná ní etí odò kí ìjọba òyìnbó tó kó o kúrò lójú ọjà. Oṣooṣù ni ó ń nù wọ́n. “Dem go still come back,” ni ìyá náà máa ń wí. Gàníyù bọ́ sí ẹ̀yìnkùlé, ó rẹ́rìn-ín títí omijé fi bọ́ lójú rẹ̀, nítorí ọ̀dọ́ ni. Kò ju ọdún méjì lọ, wọ́n ní kí a dá pọ́n-ùn padà, náírà ni ó kù. Lẹ́yìn ìyẹn, àwọn ológun pa àwọ̀ náírà dà, àwọn tí kò tètè dé báńkì sì di ẹni tí ń fi owó dáná.

“O ti rí i báyìí?” ni yóò wí. “Wúrà kì í gbọ́ ìkéde ìjọba.”

Nasirudeen a rẹ́rìn-ín músẹ́, a na ẹsẹ̀ rẹ̀ síta. “Gàníyù, ṣé wúrà ṣe é jẹ ni? Ṣé ó ṣe é fi se ọbẹ̀? Ohun tí èmi àti ìwọ bá gbà pé owó ni, òun ni owó. Bébà ni ìwé ìgbéyàwó rẹ náà, kò sì dí ìgbéyàwó rẹ lọ́wọ́.”

A máa sọ ìtàn ọba ilẹ̀ Ṣáínà tí ó fi èèpo igi ṣe owó, tí ó sì ní ikú ni fún ẹni tí kò bá gbà á. A máa sọ ti àwọn onímọ̀ ayé àtijọ́ tí wọ́n jiyàn nígbà tí owó bàbà wó lulẹ̀: ẹni tí ó yá ọgọ́rùn-ún owó bàbà nígbà tí ó níyì, ṣé ọgọ́rùn-ún ni yóò dá padà ni, tàbí iyì rẹ̀? “Ó ti lé ní ẹgbẹ̀rún ọdún tí wọ́n ti ń fà á. Ìwọ rò pé ìwọ ni yóò parí rẹ̀ ní Warri?”

Níbi òṣùwọ̀n sàká ni ìjiyàn náà ti máa ń gbóná jù. Nasirudeen ní fàdákà ni ó yẹ kí a máa fi wọ̀n ọ́n, gíráàmù márùndínlẹ́gbẹ̀ta, nítorí ẹ̀sìn gba méjèèjì láyè, owó fàdákà sì kéré. Olùfúnni yóò pọ̀ sí i, aláìní púpọ̀ yóò sì jẹun. Gàníyù a ní fàdákà ti ṣubú láti ayé àwọn bàbá wọn. “Ẹni tí owó rẹ̀ kò lè ra àbọ̀ kẹ̀kẹ́ Márúwá ni o fẹ́ kí a máa pè ní ọlọ́rọ̀?” Lèmọ́mù àtijọ́ gba ti Gàníyù. Wúrà sì dúró.

Ohun kan wà tí gbogbo àwọn tí ń pè é ní Baba Gold kò mọ̀. Kò ní wúrà. Nígbà tí Àbẹ̀kẹ́ kú, a pín ohun ọ̀ṣọ́ rẹ̀ bí ẹ̀sìn ti wí. Mosúnmọ́lá mú tirẹ̀ lọ, ti Gàníyù sì wà nínú àpótí. Òun ni ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ rọ gbogbo wọn: ẹ̀gbà ọwọ́ ti ìkómọ, ẹ̀gbà ọrùn ti ọdún tí wọ́n kọ́ ilé, yẹtí kékeré kan tí ó fi bẹ̀ ẹ́ lẹ́yìn ìjà. Bí ó bá ṣí àpótí náà, wúrà a máa tàn gẹ́gẹ́ bí ó ti ń tàn tẹ́lẹ̀. Kò gbó. Kò ṣá. Ó dà bí ẹni pé wúrà kò gbọ́ pé ẹni tí ó ni ín ti lọ. Èyí ni Gàníyù kò lè fara dà. Ó kó wọn fún Háúsá kan tí ń ra wúrà, nítorí kò lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ yọ́ wọn. Nígbà náà, gíráàmù kan kò ju ẹgbẹ̀rún méjìlá náírà lọ. Ó fi owó náà pọ̀ mọ́ ti ilẹ̀ kan tí ó tà ní Ogunu, ó sì kó gbogbo rẹ̀ sí báńkì.

“Bébà kò ní ojú tí yóò fi máa wò mí,” ni ó sọ fún Nasirudeen.

Nasirudeen, tí ìbá ti fi ọ̀rọ̀ yẹn ṣe yẹ̀yẹ́ fún ọdún mẹ́wàá, dìde, ó lọ ra ẹ̀kọ àti mọ́ín-mọ́ín wá, àwọn méjèèjì sì jẹ ẹ́ pọ̀ lórí tábìlì iṣẹ́.

Ní ọdún tó kọjá, gíráàmù kan di ẹgbẹ̀rún márùnlélọ́gọ́rùn-ún náírà. Òṣùwọ̀n náà kù díẹ̀ kó pé mílíọ̀nù mẹ́sàn-án. Owó Gàníyù fi ìwọ̀nba kékeré kọjá rẹ̀. Nasirudeen ti ń wúkọ́ nígbà náà. “Ó kù díẹ̀ kí wúrà rẹ lé ọ síta,” ni ó wí. “Tí ó bá di àmọ́dún, fàdákà ni yóò wá ṣílẹ̀kùn fún ọ.” Ó kú lẹ́yìn ọdún Iléyá. Láti ọjọ́ náà, bí aago mẹ́rin bá lù, Gàníyù a gbójú sókè wo ìjókòó onípákó náà, a sì tún padà sídìí ohun tí ó ń ṣe.

Oṣù tí ó ṣáájú ààwẹ̀ tún dé. Ọjọ́ Àlàrùbá kan ni, lẹ́yìn ìrun ọ̀sán. Stephen, ọmọ Ìlàjẹ tí ń ta fóònù ní ṣọ́ọ̀bù tí ó kángun sí tirẹ̀, yọ orí wọlé.

“Baba Gold, dollar don climb again o. Your gold go dey laugh.”

“Make e dey laugh,” ni Gàníyù wí. “Na only im get teeth.”

Stephen rẹ́rìn-ín lọ. Gàníyù pe àwọn Háúsá tí ń ra wúrà, mẹ́ta nínú wọn, lọ́kọ̀ọ̀kan. Iye tí wọ́n pè kò jìnnà síra. Ó kọ ọ́ sí ẹ̀yìn páálí: ẹgbẹ̀rún lọ́nà mẹ́tàlélógóje. Ó sọ ọ́ di ìlọ́po márùndínláàádọ́rùn-ún. Mílíọ̀nù méjìlá àti ẹgbẹ̀rún lọ́nà márùndínlọ́gọ́jọ náírà. Ó tún un ṣe lẹ́ẹ̀kejì, kì í ṣe nítorí pé ó ṣiyèméjì. Owó tirẹ̀ ní báńkì kò tó mílíọ̀nù mẹ́wàá. Náírà kan kò ti ibẹ̀ sọnù. Ó pé síbẹ̀ bí ó ti fi í sí. Ibi tí ó jókòó sí ni ilẹ̀ ti rì lábẹ́ rẹ̀. Orúkọ rẹ̀ kì yóò sí nínú ìwé Lèmọ́mù lọ́dún yìí. Kò sí ẹni tí a ó rán sí ilé rẹ̀.

Ìgbà náà ni ojú rẹ̀ dédé rí ìyá àgbà Ìṣẹ́kírì náà, tí ó kúnlẹ̀ ti àpótí, tí ó ń nu idẹ. Ẹ̀rín kò wá.

Lèmọ́mù tuntun wọlé. Mùízz ni orúkọ rẹ̀, ọ̀dọ́ ni, ọmọ ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n, ṣùgbọ́n Gàníyù ń fi “ẹ” bá a sọ̀rọ̀ nítorí ipò tí ó wà.

“Ẹ kú iṣẹ́, bàbá.”

“Ẹ kú ìrìn, Lèmọ́mù. Ẹ jókòó.”

Mùízz wo ìjókòó onípákó, ó sì dúró. “Ọ̀rọ̀ ọdọọdún ni, bàbá. Fóònù mi pe iye kan, ṣùgbọ́n fóònù ní tirẹ̀, ọjà Warri sì ní tirẹ̀. Àwọn àgbà ní ẹnu yín ni kí n ti gbọ́ ọ.”

Gàníyù fi ọwọ́ bo páálí náà. “Ẹ jẹ́ kí ó di ọ̀la.”

Láti ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, kò sọ bẹ́ẹ̀ rí. Mùízz kí i, ó lọ.

Bí ó ti ku òun nìkan, ọ̀rọ̀ àwọn àgbà wá sí i lọ́kàn, pé òtítọ́ dé ọjà ó kùtà, owó lọ́wọ́ ni a ń ra èké. Bí ó bá pe iye ọdún tó kọjá, ta ni yóò yẹ̀ ẹ́ wò? Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, ilé rẹ̀ yóò sì kún. Ó wo ìwọ̀n rẹ̀ nínú àpótí onígíláàsì. Bàbá rẹ̀ kọ́ ọ pé kí ènìyàn tó wọn ohunkóhun, kí ó fẹ́ atẹ́gùn ẹnu sí àwo ìwọ̀n, nítorí eruku orí ìwọ̀n, ọmọ ìyá olè ni. Àwọn kan yóò wà tí owó wọn tó mílíọ̀nù mẹ́sàn-án, tí kò tó méjìlá. Irọ́ rẹ̀ yóò yọ sàká lápò wọn láìjẹ gbèsè. Ó gbé èrò náà jù sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Ọ̀nà kejì kù, ọ̀nà fàdákà. Bí ó bá jẹ́ pé lóòótọ́ ni Nasirudeen ní ẹ̀rí tí ó lágbára, kí ni ó dé tí òun kò fi ní gbà fún un nígbẹ̀yìn? Òṣùwọ̀n yóò bọ́ sí ìsàlẹ̀ mílíọ̀nù kan. Orúkọ òun yóò sì wọ ìwé. Ó ti ṣọ́ọ̀bù kí oòrùn tó wọ̀, ó sì lọ sí Ogunu, sí ilé Zulaykha, opó Nasirudeen.

Ó bá a níbi tí ó ti ń ṣẹ́ ẹ̀gúsí sínú abọ́.

“Bàbá Mosúnmọ́lá, ẹ káàbọ̀. Ẹsẹ̀ yín mà ti wọ́n bí wúrà yín.”

“Ìyàwó wa, ẹsẹ̀ ni kò lágbára mọ́.”

“Ẹsẹ̀ tí ń gbé yín lọ sí ṣọ́ọ̀bù lójoojúmọ́? Ẹ jókòó jàre.”

Ó jókòó. Ó bá a ṣẹ́ ẹ̀gúsí díẹ̀, nítorí ọwọ́ rẹ̀ kò mọ ohun mìíràn tí yóò ṣe. Nígbà tí ó yá, ó ní, “Ọ̀rọ̀ fàdákà tí ọkọ rẹ máa ń sọ. Ǹjẹ́ ó kọ ọ́ sílẹ̀ níbì kan? Mo fẹ́ mọ ohun tí ó fi dá a lójú tó bẹ́ẹ̀.”

Zulaykha gbójú sókè, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí rẹ́rìn-ín. “Kò dá a lójú.”

“Báwo?”

“Èmi náà bi í léèrè. Mo ní, Álífà, ṣé fàdákà yìí náà ni lóòótọ́? Ó ní, ‘Ti Gàníyù ni ó wọ̀n jù. Ṣùgbọ́n bí mo bá gbà fún un, kí ni a ó máa sọ ní aago mẹ́rin?’”

Gàníyù mú horo ẹ̀gúsí kan, ó ń yí i láàrin ìka. Gbogbo ọdún wọ̀nyí ni ó ti rò pé òun ń borí ọkùnrin náà.

“Lẹ́yìn ọdún ìtúnu ààwẹ̀, ọmọ mi yóò wá mú mi lọ sí Ọ̀yọ́,” ni Zulaykha wí. “Yàrá yìí ti wọ́n jù fún mi. Ṣùgbọ́n mo ti sọ fún Lèmọ́mù pé bí wọ́n bá ń pín àwa tí a ń gba sàká lọ́dún yìí, ilé yín ni kí ó rán mi lọ. Mo fẹ́ ṣínu nínú ilé tí wọ́n ti mọ orúkọ ọkọ mi.”

“Ọlọ́run á ṣe é,” ni Gàníyù wí, ó sì dìde.

Ní ọjọ́ kejì, Àlàmísì, ó sọ iye wúrà náà fún Mùízz láìdín kọ́bọ̀. Mùízz ṣe ìṣirò rẹ̀ lórí fóònù.

“Ó ti lọ sókè tó báyìí? Ènìyàn mélòó ni yóò kù nínú ìwé?”

“Ìyẹn kò sí lórí ìwọ̀n mi.”

“Àwọn kan ń sọ ọ́ pé kí a kúkú yí sí fàdákà. Bí ẹ̀yin bá fọwọ́ sí i, bàbá, kò sí ẹni tí yóò ta kò ó. Kí ni ẹ rí sí i?”

Ilẹ̀kùn fàdákà náà ṣí gbayawu níwájú rẹ̀. Gàníyù wo ìjókòó onípákó.

“Ẹ má bi mí lọ́dún yìí. A kì í fi ẹni tí ọ̀ràn kàn ṣe adájọ́ rẹ̀. Ẹ bi àwọn mìíràn.”

Mùízz wò ó lójú. “Bàbá, ṣé ẹ̀yin náà...”

“Ẹ má kọ orúkọ mi.”

“Ẹ jẹ́ kí n kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ta ni yóò mọ̀?”

“Èmi tí mo wọ̀n ọ́n.”

“Ó dáa, mo lè rán wọn wá kí wọ́n kàn wá kí yín.”

“Ìwé sàká ni ìwé yẹn, Lèmọ́mù,” ni Gàníyù wí, ohùn rẹ̀ rọ̀. “Kì í ṣe ìwé àbẹ̀wò.”

A kéde iye náà ní ọjọ́ Jímọ̀. Àwọn ènìyàn kùn. Mọ́kànlá ni orúkọ tí ó wà nínú ìwé lọ́dún tó kọjá. Mẹ́rin ni ó kọ tiwọn lọ́dún yìí. Lọ́sẹ̀ tí ààwẹ̀ bẹ̀rẹ̀, Gàníyù lọ sí báńkì. Iye tí sàká rẹ̀ jẹ́ ní ọdún tó kọjá ni ó dì sínú àpò-ìwé, ó sì sọ ọ́ sínú àpótí sàráà ní àkókò tí kò sí ènìyàn lẹ́nu ọ̀nà. Bí ó ti bọ́ sí ìsàlẹ̀ àpótí, ó dún fẹ̀ẹ́.

Jímọ̀ kẹta dé. Ó nu àga márùn-ún bí ìṣe rẹ̀. Ó ti gbé ìkòkò ńlá ka iná, ó sì ti wọn ìrẹsì ènìyàn márùn-ún sínú rẹ̀, kí ó tó rántí. Ó sì jẹ́ kí ó jinná bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ìpè ìrun dún, ó fi èso dàbínù kan ṣínu, ó mu omi, ó kírun, ó bu oúnjẹ tirẹ̀. Ó jókòó sí àga tirẹ̀. Mọ́tò kan dúró níta. Ó gbé ṣíbí kalẹ̀. Mọ́tò náà tún lọ. Lẹ́yìn oúnjẹ, ó bu èyí tí ó kù sínú abọ́, ó gbé e kiri fún àwọn tí wọ́n jọ ń gbé ọgbà. “Baba, thank you o,” ni wọ́n ń wí lẹ́nu ọ̀nà wọn. Wọ́n gbà á tọwọ́tẹsẹ̀. Kò sí ẹni tí ó ní kí ó wọlé.

Ní ọjọ́ Ajé, bí ó ti ń fi ẹ̀mú fa okùn wúrà tẹ́ẹ́rẹ́ kan, òjìji kan bo ẹnu ọ̀nà. Zulaykha ni. Ó tú ìdí gèlè rẹ̀, ó mú òrùka kan jáde, ó gbé e lé tábìlì. Òrùka fàdákà Nasirudeen ni. Gàníyù mọ̀ ọ́n.

“Mo fẹ́ mọ bí ó ti wọ̀n tó.”

Gàníyù fẹ́ atẹ́gùn ẹnu sí àwo ìwọ̀n. Ó gbé òrùka náà lé e. “Gíráàmù mẹ́fà.”

“Ó kù díẹ̀ kí n máa yọ sàká,” ni Zulaykha wí. Ó wo ìhìn-ín, ó wo ọ̀hún, ó sì jókòó sórí ìjókòó onípákó náà. “Ẹ gbọ́, Bàbá Mosúnmọ́lá. Ilé tí wọ́n rán wa lọ, ẹnu ọ̀nà ni ọ̀gbẹ́ni náà ti fún wa lówó. Ó ní òun ń sáré lọ sí ibì kan. Inú ike ni ìrẹsì wà, kálukú gbé tirẹ̀ lọ sílé. Lèmọ́mù kò sọ nǹkan kan fún mi, ṣùgbọ́n mo mọ ìṣirò. Wúrà yín ni ó fa gbogbo èyí. Bí ó bá jẹ́ pé fàdákà ni, ilé yín ni ǹ bá wà.”

Gàníyù tẹ orí ba. Aago ara ògiri lu mẹ́rin. Ọjọ́ mẹ́fà ni ó kù kí ọdún dé, lẹ́yìn rẹ̀ ni ọmọ Zulaykha yóò wá mú un lọ sí Ọ̀yọ́.

“Ẹ kò ní dá mi lóhùn?”

Ó gbé ẹ̀mú kalẹ̀. Ahọ́n rẹ̀ wúwo bí ohun tí a kò lò fún ìgbà pípẹ́. “Fàdákà ti ṣubú, ìyàwó wa. Láti ayé àwọn bàbá wa ni ó ti ń ṣubú.”

Zulaykha fa ìró rẹ̀ dáadáa, ó na ẹsẹ̀ rẹ̀ síta.

“Ta ni ó tì í?” ni ó wí.